Ìlà Pupa Tí Ojú Ò Rí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1988, Fọláwùmí Adégbìtẹ́ tan kọ̀mpútà ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà nílùú Ìbàdàn, ó sì rí i pé àwọ̀ ojú ẹ̀rọ náà ti yí padà. Lẹ́tà tó máa ń funfun báláú ti di aláwọ̀ omi ẹ̀lú. Èyí tó máa ń rí bí èso ìyeyè ti di àwọ̀ ewé. Ó fi aṣọ nu gíláàsì náà, ó pa á, ó tún un tàn. Bákan náà ló rí.

Fọláwùmí ló ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú káàdì, kí Dókítà Akínbíyì tó ni ilé ìwòsàn náà tó gbé kọ̀mpútà dé láti ìlú òyìnbó. Dókítà fẹ́ràn ẹ̀rọ náà bí ẹni fẹ́ràn àbíkẹ́yìn ọmọ. Ó ní kí wọ́n di gbogbo káàdì sínú páálí, kí wọ́n kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn, pé ayé káàdì ti kọjá. Oṣù márùn-ún gbáko ni Fọláwùmí fi tẹ ohun tó wà nínú wọn sínú ẹ̀rọ: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, àìsàn tó ti ṣe olúkúlùkù rí. Ẹni tí oògùn kan bá wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, ìlà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí, ní àwọ̀ pupa, kó lè tètè gbá ojú ẹni tó bá ń wò ó.

Nígbà tí Dókítà dé ní agogo mẹ́wàá, Fọláwùmí lọ bá a.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àwọ̀ ojú kọ̀mpútà ti yí padà o."

Dókítà wá wò ó. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè sí orí imú.

"Ṣé o ń rí i kà?"

"Mo ń rí i kà, sà."

"Ó tán. Àwọ̀ kọ́ la fi ń wo aláìsàn. Bí àyè bá ṣí, a ó wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ní Ọjọ́rú, ó tún rán an létí. Dókítà kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ọ parí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́bọ̀, ojú Fọláwùmí fúnra rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ohun téèyàn bá ń rí lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí yóò fi dà bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nínú ẹgbẹ̀rún àti irínwó aláìsàn tó wà nínú ẹ̀rọ náà, bóyá ni ẹni ọgbọ̀n ní ìlà pupa. Kò rántí wọn. Ibi tí kò bá ti sí nǹkan, dúdú ló wà, dúdú náà ló sì ń rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé Ìyá Wándé dé láti àdúgbò Challenge. Sẹ̀gilọlá Ọ̀ṣuntókun ni orúkọ rẹ̀ gan-an, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn tí kì í kọjá níwájú fèrèsé Fọláwùmí láìdúró kí i. Lọ́jọ́ náà, kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ń sọ kántankàntan. Ọkọ rẹ̀ tó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road ló gbé e sọ́wọ́ wọlé. Ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá arúgbó kan tó wá láti Èkìtì láti bá wọn tọ́mọ, ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ pẹ̀lú fúláàsì ògì lábẹ́ apá.

Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fetí sí àyà rẹ̀, ó ní òtútù àyà ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lójú ẹsẹ̀. Ó rán ọkọ aláìsàn náà pé kó sáré lọ ra omi tí wọ́n máa fà sí i lára. Nọ́ọ̀sì Àdùnní, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kọ́kọ́ wá sẹ́nu fèrèsé.

"Àǹtí Fọláwùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé Ìyá Wándé. Ṣé oògùn kankan wà tí ara wọn kì í gbà?"

Fọláwùmí tẹ orúkọ náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn dúdú.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ló wí.

Àdùnní dúpẹ́, ó sì padà lọ.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí igbe fi sọ ní yàrá àwọn obìnrin. Nígbà tí Fọláwùmí débẹ̀, ojú Ìyá Wándé ti wú títí ẹyinjú rẹ̀ kò fi hàn mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti dí. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń rì sínú odò. Dókítà kékeré ń kígbe pé kí wọ́n gbé èyí wá, kí wọ́n gbé tọ̀hún wá. Kí wọ́n tó pe Dókítà Akínbíyì dé láti ilé, Ìyá Wándé ti kú. Ọkọ rẹ̀ bá wọn níbẹ̀, ìgò omi méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé ikú, Dókítà Akínbíyì kọ ọ́ pé òtútù àyà ló pa á.

Àdùnní lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́bọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọláwùmí, Dókítà sì dúró nítòsí wọn tó ń wo ìwé kan.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ ti di gbọ́nmi-si-omi-ò-to níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Wándé dìde lórí sàréè, ó ní òtútù àyà kì í mú ojú èèyàn wú. Ó ní ta ló fún àbúrò òun lóúnjẹ kẹ́yìn? Ìyá àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ló fún un ní ògì ṣíbí mẹ́ta, bí mo ṣe ń yọ abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ní májèlé ni. Wọ́n ju ẹrù ìyá náà síta."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wolẹ̀. Ìyá yẹn ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan báyìí, ẹ̀yìn ibẹ̀ ló ń sùn lórí ẹní."

Dókítà ká ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí àwọ̀ kọ̀mpútà ti yí padà ni wọ́n tó pe oníṣẹ́. Àwọn àlejò pàtàkì kan ló ń bọ̀ wá wo ilé ìwòsàn, ojú sì ń ti Dókítà. Ẹni tí wọ́n pè ni Bùsàrí, ará Agbowó, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe fún ogún ọdún. Kò tíì tú kọ̀mpútà rí, kò sì fi ìyẹn pamọ́.

"Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yìí," ó ní, "àbúrò tẹlifíṣọ̀n ni. Kí n tó tú nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé igun kan ló ti bàjẹ́ ni, àbí gbogbo ojú?"

"Gbogbo ojú ni."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ igun kan, mo lè sọ pé irin òòfà ló fà á, bóyá ẹnì kan gbé rédíò alágbára sún mọ́ ọn."

Síbẹ̀ ó gbé rédíò kékeré tó wà lórí tábìlì jìnnà. Kò yàtọ̀. Ó yí àwọn kókó tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀, àpótí ojú kọ̀mpútà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún dá wọn padà síbi tó ti bá wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, àwọ̀ kò yẹ̀. Ó wá ní kí Fọláwùmí bá òun wá ibi tí gbogbo àwọ̀ ti wà pọ̀. Fọláwùmí rántí pé ojú ewé kan wà tí wọ́n ti ń yan àwọ̀ lẹ́tà, ó sì ṣí i. Ọ̀já mẹ́jọ ló yẹ kó tò síbẹ̀, àwọ̀ ọ̀kan kò gbọdọ̀ jọ èkejì.

Bùsàrí nàka sí wọn, ó ń kà wọ́n. "Dúdú. Búlúù. Àwọ̀ ewé. Omi ẹ̀lú. Ẹ wá wo ìkarùn-ún: dúdú tún ni. Búlúù. Àwọ̀ ewé. Omi ẹ̀lú." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti sọ fún wa. Àwọ̀ mẹ́ta ni ìyá gbogbo àwọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Wọ́n á para pọ̀, wọ́n á bí àwọn yòókù. Pupa ni kò wọlé. Ohunkóhun tí pupa bá wà nínú rẹ̀ á yí padà. Èyí tó bá sì jẹ́ pupa nìkan, kò ní hàn rárá."

Fọláwùmí gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà gba etí rẹ̀ kọjá, kò tíì dúró.

Bùsàrí tú ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. Ó fi tẹ́sítà iná kàn án níbí, ó fi kàn án lọ́hùn-ún, ó ń kùn sínú. Ó ní bí ọ̀ràn náà bá wà nínú ìgò gíláàsì fúnra rẹ̀, kò sí àtúnṣe, àfi kí wọ́n ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ìgò náà le koko. Ibi tó ti ń na ọwọ́ mú sukudiráfà rẹ̀ ni apá rẹ̀ ti fara kan wáyà tó so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀mpútà. Pupa bù yẹ̀rì lójú gíláàsì, ó sì tún lọ.

"Ẹ dúró!"

Ó pa iná, ó yọ púlọ́ọ̀gì wáyà náà, ó gbé e lọ sójú oòrùn lẹ́bàá fèrèsé. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́jọ dúró ṣánṣán. Ìkẹta ti tẹ̀, ó sùn pẹrẹsẹ sílẹ̀.

"Ta ló yọ èyí, tó sì ki í padà?" Bùsàrí bèèrè. "Kò wo ihò rẹ̀ kó tó tì í. Agbára ló fi tì í."

Fọláwùmí ronú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, Dókítà ti gbé kọ̀mpútà náà lọ sí yàrá àlejò rẹ̀ lókè ilé ìwòsàn láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló gbé e padà, tó sì tò ó.

"Ọ̀gá wa ni," ló wí.

Bùsàrí fi ẹ̀mú kékeré gbé ẹsẹ̀ náà dìde díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó ki púlọ́ọ̀gì náà bọ ihò rẹ̀, ó tan iná. Àwọ̀ mẹ́jọ tò sílẹ̀ rekete, ìkarùn-ún pupa fòò.

"Ó pé! Ẹ ṣí ìwé ẹnì kan, ká wo lẹ́tà."

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ tí Fọláwùmí ti ń sún un síwájú láti kọ ọ́ sínú ìwé Ìyá Wándé pé ó ti kú. Ó ní kí òun kúkú ṣe é báyìí. Ó tẹ orúkọ náà. Ìwé náà ṣí, lẹ́tà funfun, lẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti jẹ́ dúdú, ìlà pupa kan wà: ẹ má fún un ní pẹnisílíìnì rárá, ara rẹ̀ kì í gbà á.

Òun ló kọ ọ́. Ó rántí ọjọ́ náà. Ìyá Wándé fara ti fèrèsé, ó ní, "Fọláwùmí, kọ ọ́ gàdàgbà o. Ó fẹ́ẹ̀ pa mí nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Mi ò tíì sọ fún Bàbá Wándé, ẹ̀rù máa ń tètè bà á jù."

"Kí ló dé?" ni Bùsàrí ń bi í. "Ṣé kò tíì dáa ni?"

Fọláwùmí yára dìde. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó tú páálí mẹ́rin kó tó rí káàdì náà. Bíírò pupa ló fi kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó padà dé, Bùsàrí ṣì dúró, Fọláwùmí sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà rọra jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wo púlọ́ọ̀gì náà.

"Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo," ló wí. "Kò tó eyín ọmọ ọwọ́."

Fọláwùmí gbé káàdì náà wọlé lọ bá Dókítà Akínbíyì, ó fi lélẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé. Dókítà kò gbójú sókè.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Oníṣẹ́ yẹn nìkan, sà."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ni. Mo rí ojú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú ìwé."

"Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni, sà, ẹ sì gbọ́ nígbà tí Àdùnní ń sọ ohun tí wọ́n ń fi ìyá àgbà pè."

Dókítà ti káàdì náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bí èyí bá jáde, wọ́n á ti ibí pa. Èèyàn méjìlélógún ló ń jẹun níbí. Òkú ò ní tìtorí ẹ̀ jí. Àti pé, Fọláwùmí, ẹnu ta ni Àdùnní ti gbọ́ pé kò sí nǹkan kan?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e jáde ní yàrá náà. Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi lè ṣe ohunkóhun. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń tẹ orúkọ, ìlà pupa ń yọ nísàlẹ̀ ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kẹfà tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó wọkọ̀ lọ sí Agbowó, ó bá Bùsàrí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn tẹlifíṣọ̀n tí ìfun wọn wà níta.

"Mo ń lọ bá ọkọ rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé àwọ̀ fún un tó máa gbà á gbọ́."

Bùsàrí nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọ bùbá. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni mo rí i. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i."

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun ní Challenge dákẹ́ rọ́rọ́. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn àna rẹ̀ ti mú Wándé ọmọ rẹ̀ lọ. Fọláwùmí kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi èyí tó kan òun pamọ́. Ó gbé káàdì náà fún un. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà.

"Ìwọ lo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò sí nǹkan kan?"

"Èmi ni, sà."

"Kò sọ fún mi rí," ó wí jẹ́ẹ́. "Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra. Kò sọ fún mi." Ó wo Bùsàrí. "Àwọ̀, àbí kí lẹ wí? Àwọ̀ ló pa ìyàwó mi?"

Bùsàrí ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó tẹ̀ náà fún un bó ṣe rọrùn tó. Ọkùnrin náà ń mi orí, ṣùgbọ́n kò dájú pé ó ń gbọ́. Lójijì, ó dìde.

"Ìyá mi," ló wí, ó sì jáde láìti ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ̀ lé e.

Ìyá àgbà ń gbálẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ó ti gbẹ. Ìró rẹ̀ ń yí i lára bí aṣọ ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó ń gbá. Ó ń sunkún, Fọláwùmí ló tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ìyá àgbà fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó parí, ìyá náà bèèrè ohun kan.

"Ṣé ògì mi kò ṣe é ní nǹkan kan?"

"Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, Màmá."

"Torí mo ti ń rò ó. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo ń rò ó pé bóyá omi yẹn, bóyá ìkòkò yẹn. Gbogbo wọn sọ ọ́ títí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́." Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó sunkún bí ọmọdé.

Ọmọ rẹ̀ ní kó dìde, kí àwọn máa lọ sílé. Ìyá àgbà kọ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ àwọn àna rẹ kọ́ ló dùn mí. Wọn ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí. O wò mí, o sì wolẹ̀. Fi mí sọ́kọ̀ Èkìtì."

Ọ̀la rẹ̀ ló fi í sọ́kọ̀. Ìyá àgbà kò wá sÍbàdàn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún kejì. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Wándé kò wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ta ló mọ̀ bóyá wọ́n fún àwọn ará ilé ìwòsàn ní owó kí wọ́n lè purọ́ gba ìyá náà là.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Dókítà gbọ́ ohun tó ṣe, wọ́n dá Fọláwùmí dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Fọláwùmí jẹ́rìí, Bùsàrí jẹ́rìí, Àdùnní bú sẹ́kún nínú àpótí ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ní kó lọ jókòó. Kí wọ́n tó tún pe ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, Dókítà Akínbíyì ti ta ilé ìwòsàn, ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi Arabia. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un, ó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, Fọláwùmí rí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun ní Dùgbẹ̀ tó fa Wándé, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i níbi tó wà. Ọkùnrin náà rí i. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá gbé ọmọ náà sọ́wọ́, ó sì fo títì lọ sí òdìkejì.